Aṣọ Tí Ọ̀gá Kò Rí Wọ̀

Aṣọ méjì péré ló kù lára ìṣó. Ó ku ọ̀la kí ọdún Kérésìmesì dé, Sísí sì jókòó lórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, ó ń gé òwú tó yọ lára aṣọ àwọn oníbàárà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ògiri. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Bí oníbàárà bá ti mú aṣọ wá, ara ìṣó ni ìyá ń gbé e kọ́, ó sì máa ń mú wọn rán lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe tò. Aṣọ búlúù tó wà lórí ìṣó kìíní, ti Ọ̀gá ni. Aṣọ pupa tó ń dán lórí ìṣó kejì, ti Sísí ni.

Ọ̀gá yìí ló kọ́ ìyá Sísí níṣẹ́, nígbà tí ìyá kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó ti darúgbó báyìí. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti fọ́, ti òsì náà sì ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló fọwọ́ tẹ ògiri wọlé, tó gbé aṣọ náà lé orí tábìlì.

"Ọmọ mi ń bọ̀ wá ṣọdún," ló wí. "Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti rí i gbẹ̀yìn. Ọjọ́ kejì ọdún ló sì ń padà. Fọ́tò kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká jọ yà, kí n fi ojú ara mi wò ó kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá. Mi ò sì fẹ́ wọ àkísà yà á."

Sísí wà níbẹ̀, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ ketekete. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Dúdú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gba àyà rẹ̀ kan. Láti oṣù tó kọjá ni Dúdú ti ń ka ohun tí wọ́n rà fún un sí wọn létí nílé ìwé: bàtà rèé, báàgì rèé, aṣọ rèé. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba ìsinmi, ó wo Sísí, ó ní, "Ìwọ ọmọ aránṣọ, ṣé aṣọ èṣí náà lo tún fẹ́ wọ̀?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò tíì kúrò létí Sísí.

"Tí mo bá parí ti ọ̀gá mi, tí àyè bá ṣẹ́ kù, màá rán tìẹ," ni ìyá ti wí. "Tí kò bá sí, ó di ẹ̀yìn ọdún. Ọdún ò ní sá lọ."

Aṣọ mẹ́tàlélógójì ni ìyá ti rán láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ojú rẹ̀ pọ́n koko. Nígbà tó di ọ̀sán, ó gbé orí lé ẹ̀rọ ìránṣọ, oorun sì gbé e lọ. Sísí wo aago. Aṣọ kan ṣoṣo ló lè jáde kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù. Ó dìde, ó mú aṣọ Ọ̀gá kúrò lórí ìṣó, ó ká a, ó sì kì í bọ ìsàlẹ̀ àpò àgékù aṣọ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò mú un jáde mọ́.

Ìyá ta jí, ó wo ògiri. "Aṣọ ọ̀gá mi dà?"

"Ẹ ti rán an lánàá, mà. Mo ti gbé e lọ fún wọn láàárọ̀."

"Èmi? Mo ti rán an?"

"Ẹ ti rán an. Ẹ tún ní kí n má jẹ́ kó rún lọ́wọ́ mi."

Ìyá nu ojú. Ẹni tó ti rán aṣọ tó báyẹn kò mọ èyí tó rán mọ́. "Ó dáa, ọpẹ́ ni. Orí mi ti dàrú ni," ló wí, ó sì nawọ́ mú aṣọ pupa.

Lọ́jọ́ ọdún, aṣọ náà yẹ Sísí, ká má purọ́. Dúdú wò ó látòkè délẹ̀, ó ní, "Ó dáa o," ó sì fa fóònù tuntun yọ. Gbogbo wọn rọ́ bo fóònù. Ó parí náà nìyẹn. Ohun tí Sísí ti ń fi oṣù kan retí kò gba ìṣẹ́jú kan. Ó dúró sójú kan nínú aṣọ pupa, inú rẹ̀ ṣófo, ẹ̀rù sì wọ ibi tó ṣófo náà. Nígbàkúùgbà tí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, ó máa ń ṣe é bí ẹni pé Ọ̀gá ló dé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, takisí kan gba ojú ilé wọn kọjá. Ọkùnrin kan jókòó sórí ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú àpótí ìrìn-àjò lórí itan. Sísí kò mọ̀ ọ́n rí, ṣùgbọ́n ó fura pé ọmọ Ọ̀gá ni, ó sì sá wọlé.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, bébà tí wọ́n fi di ẹ̀bùn ti kún gọ́tà, àwọn ọmọdé sì ń jà lórí ohun ìṣeré tó ti kán. Ìyá ní, "Múra, ká lọ kí ọ̀gá mi. Aṣọ ọdún rẹ ni kó o wọ̀, kí wọ́n rí iṣẹ́ ọwọ́ mi."

"Orí ń fọ́ mi, mà."

"Atẹ́gùn á fẹ́ sí i lọ́nà. Ó yá."

Ilẹ̀kùn Ọ̀gá wà ní ṣíṣí. Àga méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú fèrèsé. Ọ̀gá jókòó lórí ọ̀kan, ó wọ aṣọ kan tó ti ṣá. Kò yíjú nígbà tí wọ́n wọlé.

"Ta nìyẹn?"

Ìyá kúnlẹ̀. "Èmi ni, mà. Ẹ kú ọdún. Ojú yín ńkọ́?"

"Mo jí láàárọ̀ yìí, ilẹ̀ ò mọ́," ni Ọ̀gá wí. "Ta ló tẹ̀ lé ọ?"

"Sísí ni. Aṣọ tí mo rán fún un ló wọ̀."

"Sún mọ́ mi, ọmọ. Jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án."

Sísí sún mọ́ ọn. Ìka Ọ̀gá gba ọrùn aṣọ, ó gba ẹ̀gbẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ìṣẹ́tí. "Ọwọ́ rẹ ni, mo mọ̀ ọ́n," ló wí fún ìyá. "Ṣùgbọ́n o kánjú níbí. Ìgbà wo lo rán an?"

"Ìrọ̀lẹ́ tí ọdún ku ọ̀la, mà. Lẹ́yìn tí mo parí tiyín."

Ìka náà dúró. "Tèmi?"

Ìyá wo aṣọ tó ti ṣá lára Ọ̀gá, ó wo àga kejì, lẹ́yìn náà ó wo ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ti Sísí kò tó ogún ọdún. Ó dojú bolẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún.

Ọ̀gá kò pariwo. "Ọmọ mi ní ká ya fọ́tò náà pẹ̀lú aṣọ tó wà lára mi," ló wí. "Mo ní rárá. Mo ní ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́ kì í yẹ àdéhùn. A jókòó síbí lọ́jọ́ ọdún, à ń retí rẹ títí oòrùn fi wọ̀."

Ìyá kò lu Sísí, kò sì bú u. Ó fa aṣọ búlúù náà yọ nínú àpò àgékù, ó gé e, ó rán an, ó wá gbé ìṣẹ́tí rẹ̀ fún Sísí pé kó fi ọwọ́ ká a, ojú ìránṣọ kan tẹ̀ lé òmíràn. Sísí ló gbé e lọ, òun náà ló wọ̀ ọ́ fún Ọ̀gá.

"Ṣé ó yẹ mí?" ni Ọ̀gá bi í.

"Ó yẹ yín, mà."

"Ojú rẹ ni mo fi ń wò ó báyìí o. Má parọ́ fún mi mọ́."

Láti ọjọ́ náà ni Sísí ti mọ̀ pé aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Ìgbéraga náà kò ju ọjọ́ kan lọ, ohun tó sì bà jẹ́ kò ní àtúnrán.