Omi Tó Ṣì Wà Lọ́nà

Ìyàwó Òṣùwọ̀n ti tẹ̀ wọ odò dé kókósẹ̀, ó ń fi ọwọ́ nu ẹrẹ̀ kúrò lára òpó tí wọ́n fi ń wọn omi, nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin mú ọkọ̀ akẹ́rù dé.

"Sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá péré," ìyá ní. "Dá ọkọ̀ yẹn padà."

Ọkọ rẹ̀ ló ri òpó náà mọ́lẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ka omi fún ọ́fíìsì odò, àdúgbò bá sọ ọ́ ní Òṣùwọ̀n. Láàárọ̀, yóò kọ́kọ́ sọ iye tó kà fún ìyàwó rẹ̀ kó tó bi í bóyá ó jí ire. Ìyàwó a ní ṣe ni ọkọ òun fẹ́ òun àti odò pọ̀.

Ọkọ náà ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Obìnrin náà ló ń kà á báyìí, ẹnì kankan ò rán an. Á padà sí yàrá, á sọ iye náà síhà ibi tí ọkọ rẹ̀ máa ń sùn sí.

Ọmọ náà, tí òun náà ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì odò, rọra ṣàlàyé. Sátẹ́láìtì kan ń kọjá lójú sánmà. Ó ń ju ìtànṣán tí ojú ò rí sórí omi, ìtànṣán náà ń ta padà. Bí omi bá ṣe ga tó ni yóò ṣe tètè padà tó. Lánàá, ó wọn odò lókè lọ́hùn-ún: omi ti fi mítà mẹ́rin ga sí i. Àwọn ti ṣírò bó ṣe ń sáré. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kó dé.

"Ohun tó wà lókè ló wá mọ odò ju bàbá rẹ lọ?"

"Bàbá mi ò ṣìṣe, Màmá. Òpó ń sọ omi tó ti dé. Èyí ń sọ omi tó ń bọ̀."

Ìyá tún fi ọwọ́ nu òpó náà. Ó ní, "Bí mo bá kúrò níbí, ta ni n ó máa sọ ọ́ fún?"

"Iye náà á máa wọlé sórí fóònù mi. Ẹ máa kà á fún mi láràárọ̀."

Wọ́n kó ẹrù. Awakọ̀ béèrè bóyá kí àwọn hú òpó náà dání. Ìyá ní kó fi í sílẹ̀, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé létí odò, bí ọ́fíìsì odò bá kìlọ̀ fún yín, ẹ má fi omi tó wà níwájú yín dá ara yín lójú. Omi tí ẹ ò tí ì rí ni kí ẹ sá fún. Ẹ tètè kó lọ sórí ilẹ̀ gíga, kí ẹ sì sọ fún aládùúgbò yín.

Omi dé ní ọjọ́ kẹta. Ìpìlẹ̀ ilé ìyá nìkan ló kù, àti àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé.