Ta Ló Fowó Lé Epo Adágúnlá?

Ní agogo méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ní ọdún kejìlélógójì tí wọ́n tẹ ìlú Adágúnlá dó, owó epo fò láti igba náírà sí ẹgbẹ̀rin náírà lórí lítà kan. Kò sí ẹni tó pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé epo mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tó wà nílùú náà ló yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Àwọn tó wà lórí ìlà rò pé ojú ló ń tan àwọn jẹ. Ọkùnrin kan tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ àfò rẹ̀, ó fi aṣọ nu ojú ẹ̀rọ, bóyá eruku ló bò ó. Ẹgbẹ̀rin náírà náà ló rí.

Lásìkò tí à ń wí yìí, epo abẹ́ ilẹ̀ ti gbẹ tán láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Inú omi ni ìlú Adágúnlá ti ń gbin epo tirẹ̀. Adágún mọ́kànlá ló wà létí òkun, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ogún pápá ìṣeré, ewé tíntìntín kan tí ojú lásán kò lè rí ní ẹyọ kan ló sì kún inú wọn. Ìtànṣán oòrùn ni ewé yìí ń jẹ, epo ni ó sì ń ṣe jáde. Epo-ewé yìí ló ń gbé ọkọ̀ àfò lójú pópó, òun ló ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí òṣùpá tó sì ń gbé wọn bọ̀, òun náà ni ọkọ̀ ojú omi ilé ìwòsàn ń jó bó ṣe ń lọ láti erékùṣù kan sí òmíràn.

Ẹ̀rọ tó ń sọ iye tí epo náà yóò jẹ́ ni wọ́n ń pè ní Adíyelé. Àràárọ̀ ló máa ń wo epo tó wà nínú àgbá, èyí tí ìlú ń jó, àti bí ara ewé ṣe le sí nínú omi, kí ó tó díye lé lítà kan. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí olóṣèlú kankan má baà fi owó epo ṣeré. Ìyùnadé Ògúnṣuyì ló ṣe ẹ̀rọ náà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì báyìí, òun sì ni ọ̀gá àgbà gbogbo àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí epo nílùú náà.

Kí oòrùn tó kan àtàrí lọ́jọ́ Ajé yẹn, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti dàrú. Ìbò gómìnà kò ju ọgọ́rin ọjọ́ lọ mọ́, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ epo lẹ̀ mọ́ òun lára.

Gómìnà Akínrìnọlá ló kọ́kọ́ dìde. "Ẹ má wo ojú mi o! Ọdún mẹ́jọ ni Olóyè Tẹ́níọlá fi ṣe gómìnà níbí. Ilé tí ikán ti jẹ tán ló gbé lé mi lọ́wọ́."

Olóyè Tẹ́níọlá, obìnrin gíga tó ń ṣe olórí ẹgbẹ́ alátakò, kò jẹ́ kó mí. "Ọdún mẹ́ta lẹ ti wà lórí àga! Nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, ọgọ́jọ náírà ni lítà epo. Ẹni tí wọ́n gbé ọmọ fún, tí ọmọ jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé agbẹ̀bí ni yóò máa bú?"

Ariwo sọ. Àwọn kan ní owó orí tí gómìnà gbé lé ọkọ̀ òṣùpá ló fà á, àwọn kan ní àwọn ọlọ́jà ńlá ló ń kó epo pamọ́. Nígbà tí ó rẹ gbogbo wọn, ìpinnu kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ méjèèjì fi ẹnu kò lé lórí, irú rẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀ rí láti ọdún mẹ́ta: kí wọ́n pe Ìyùnadé, kí ó fi tipátipá dá Adíyelé padà sí igba náírà.

Ìyùnadé dé, ó gbọ́ àṣẹ wọn, ó ní, "Ẹ fún mi lọ́jọ́ mẹ́ta. Mo fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ yẹn rí kí n tó pa á lẹ́nu mọ́."

Etí adágún ló gbà lọ tààrà. Bàbá Láṣebíkan ló bá níbẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni bàbá yìí, òun sì ni olórí àwọn olùtọ́jú adágún láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ti àkọ́kọ́. Bàbá kò kí i púpọ̀. Ó ki ọwọ́ bọ omi, ó bù ú sókè, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú Ìyùnadé. Omi tó yẹ kó rí bí ewé àgbàdo tuntun ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń fà bí ọbẹ̀ ilá tó ti ṣá.

"Láti ìgbà wo, Bàbá?"

"Láti oṣù kẹrin. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì gómìnà. Mo tún kọ ọ́."

"Adágún mélòó ló rí báyìí?"

"Méje." Bàbá ṣan ọwọ́ rẹ̀. "Mo sọ fún ọ nígbà yẹn, Ìyùn. Mo ní ohun tó bá ń yára hù, á yára gbó."

Ìyùnadé rántí dáadáa. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni Olóyè Tẹ́níọlá, tó ń ṣe gómìnà nígbà náà, pè é sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ìbò ń bọ̀, ó sì fẹ́ kí epo pọ̀ kí owó rẹ̀ lè já wálẹ̀. Ìyùnadé wọ ilé ìwádìí lọ, ó tún ẹ̀jẹ̀ ewé náà ṣe, ó sì bí ewé tuntun tí wọ́n sọ ní Ayárahù. Láàárín oṣù kan, epo di ìlọ́po méjì. Gbogbo ìlú ń yìn ín. Bàbá Láṣebíkan nìkan ló wá bá a pé ewé náà kì í sinmi, pé ohun tí kì í sinmi kì í pẹ́. Ìyùnadé rẹ́rìn-ín sí i níṣojú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí àwọn tó kàwé rẹ̀ sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ kejì ó wọ yàrá Adíyelé, ó jókòó síwájú ẹ̀rọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

"Kí ló dé tí o fowó lé epo?"

Ohùn ẹ̀rọ náà tutù. "Bí lítà bá wà ní igba náírà, epo yóò tán nínú àgbá ní ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Bí ó bá di ẹgbẹ̀rin, àwọn ènìyàn yóò dín ìrìn kù, ilé ìwòsàn yóò sì rí epo lò títí òjò yóò fi dé, tí omi tuntun yóò wọ inú adágún. Mo ti kọ lẹ́tà mẹ́rìndínlógún láti sọ bẹ́ẹ̀."

"Sí ta ni?"

"Ọ́fíìsì gómìnà àti ọ́fíìsì olórí alátakò. Àwọn méjèèjì ló ṣí wọn. Òfin tí ẹ kọ fún mi kò jẹ́ kí n sọ fún ẹlòmíràn."

Lóòótọ́, òun ló kọ òfin yẹn. Àwọn olóṣèlú ló bẹ̀ ẹ́ nígbà náà pé kí ìròyìn búburú máa gba ọ̀dọ̀ àwọn kọjá kí ara ìlú má baà dààmú, ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Ó jókòó síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kú tipiri.

Kí ó tó délé ni gómìnà ti pè é lórí ẹ̀rọ ìléwọ́. "Ọ̀mọ̀wé, mo gbọ́ pé Ayárahù ló fà á. Tẹ́níọlá ló ní kẹ́ ẹ ṣe é, àbí? Ẹ sọ ìyẹn nìkan nílé ìgbìmọ̀. Èmi ò ní gbàgbé yín."

Kò pé wákàtí kan tí Olóyè Tẹ́níọlá náà pè. "Àbúrò mi, lẹ́tà mẹ́rìndínlógún ni gómìnà gbé pamọ́. Sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Kò sí ìdí láti máa hú ọ̀rọ̀ àtijọ́ jáde."

Ìyùnadé dá àwọn méjèèjì lóhùn pé òun ti gbọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ilé ìgbìmọ̀ kún dẹ́múdẹ́mú. Ìyùnadé dúró láàárín wọn láìmú ìwé kankan dání.

Ó ní, "Gbogbo yín ń béèrè ẹni tó fowó lé epo. Èmi ni. Èmi ni mo ṣe Ayárahù tó sọ adágún méje di òkú omi. Àgbàlagbà kan kìlọ̀ fún mi, mo fi í rẹ́rìn-ín. Èmi náà ni mo kọ òfin tó di Adíyelé lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀, n kò sì ní purọ́ pé èmi nìkan ni. Olóyè Tẹ́níọlá ló bẹ̀ mí níṣẹ́ ewé náà torí ìbò. Gómìnà Akínrìnọlá ka lẹ́tà mẹ́rìndínlógún, kò sọ̀rọ̀ torí ìbò. Olóyè náà ka mẹ́rìndínlógún kan náà, ó ń retí ọjọ́ tí yóò bú gbàmù lórí gómìnà."

"Irọ́ ni!" Àwọn méjèèjì pa ohùn pọ̀.

"Bó bá jẹ́ irọ́ ni, ìlú á mọ̀. Láàárọ̀ yìí, mo pa òfin yẹn rẹ́. Lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún ti wà lójú gbogbo ẹ̀rọ ilé epo, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣí i."

Láti ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń gbọ́ àwọn èrò níta tí wọ́n ń ka àwọn lẹ́tà náà sókè fún ara wọn, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn aṣòfin dìbò. Wọ́n ní kí owó epo ṣì wà ní ẹgbẹ̀rin náírà, kí wọ́n da omi adágún méjèèje nù, kí wọ́n fọ̀ wọ́n, kí wọ́n sì tún gbìn. Iṣẹ́ àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni. Wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ́wọ́ Ìyùnadé níbẹ̀ náà. Ó fi fún wọn láì jiyàn.

Ìṣòro kan ṣẹ́ kù. Nígbà tí Ayárahù dé, wọ́n ti fọ ewé ìpilẹ̀ṣẹ̀ dànù pátápátá nínú gbogbo adágún, àní nínú ilé ìwádìí. Kò sí irúgbìn. Ìyùnadé lọ bá Bàbá Láṣebíkan, ó kúnlẹ̀, ó ní kí bàbá dárí ji òun, pé ohun tí òun bàjẹ́ kò ní àtúnṣe.

Bàbá wò ó. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ó wà nínú kànga ẹ̀yìnkùlé mi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ ò bi mí ni."

Omijé bọ́ lójú Ìyùnadé.

"Dìde jàre. Ìkúnlẹ̀ kì í hu ewé. Gbé korobá."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá àgbà àná ṣe di lébìrà lábẹ́ Bàbá Láṣebíkan. Ó ń pọn omi, ó ń fọ ògiri adágún, ọwọ́ rẹ̀ sì lé ròrò. Ìlú náà kò sì jókòó. Àwọn ará àdúgbò ń pín ọkọ̀ wọ̀, àwọn apẹja gbé ọkọ̀ àjẹ̀ tí wọ́n ti pa tì jáde, àwọn olùkọ́ ń fẹsẹ̀ rìn lọ síléèwé pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Bó ṣe di ọjọ́ ogójì, adágún mẹ́ta ti ń dán bí ewé àgbàdo. Àwọn ènìyàn ń wá wò ó, wọ́n ń ṣàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ kẹtàlélógójì, ejò bu obìnrin kan ṣán lóko ní erékùṣù Ìsàlẹ̀-Àgbọn. Ọmọ́yẹni lorúkọ rẹ̀. Nítorí ọ̀wọ́n epo, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni ọkọ̀ ilé ìwòsàn ń dé erékùṣù náà, ó sì ti wá, ó ti lọ. Ọkọ rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò gbé e sínú ọkọ̀ àjẹ̀, wọ́n fi gbogbo agbára wa ọkọ̀ fún wákàtí méjì. Ó kú sórí omi kí wọ́n tó rí èbúté.

Nígbà tí ìròyìn náà dé etí adágún, Ìyùnadé gbé korobá sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá àwọn apẹja wọkọ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀-Àgbọn, ó sì béèrè ilé Fọlárìn, ọkọ olóògbé. Ó bá a níwájú ilé, níbi tí ọkùnrin náà jókòó sí lórí àpótí, tó ń wo òkun.

"Ẹ kú ìrọ́jú, sà. Ìyùnadé lorúkọ mi. Èmi ni mo ṣe ewé tó ba epo jẹ́. Bí kì í bá ṣe tèmi ni, ọkọ̀ ìbá wà. Mo wá kí ẹ má baà máa wá ẹni tó ṣe é kiri."



"Gómìnà wá láàárọ̀ yìí," Fọlárìn sọ. "Ó ní Tẹ́níọlá ló pa ìyàwó mi. Tẹ́níọlá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí ni. Ó ní gómìnà ni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè orúkọ rẹ̀."

Ìyùnadé tẹrí ba. "Ọmọ́yẹni," ó ní. "Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn apẹja. Ẹ jọ̀ọ́, irú ènìyàn wo ni ìyàwó yín?"

Ojú ọkùnrin náà pọ́n. "Mi ò tíì dárí jì yín o."

"Mo mọ̀, sà."

Fọlárìn fẹsẹ̀ ti àpótí kejì síwájú rẹ̀. "Ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn."