Ilẹ̀ Tí Oníjígí Kò Dé Rí

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ máa rí ọkùnrin náà, ìwé ló ń gbóòórùn. Ó dorí kọ ìwé ńlá kan lórí tábìlì tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ó di ojú rẹ̀ méjèèjì, ó sì ń fa afẹ́fẹ́ símú bí ẹni tí ọbẹ̀ ń ta sánsán sí. Oòrùn àárọ̀ tàn sí i léjìká. Aṣọ ọrùn rẹ̀ mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n eruku funfun wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ó kúnná bí ìyẹ̀fun.

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ọdún mẹ́sàn-án ni obìnrin yìí ti fi ń tún ìwé ṣe ní ilé ìpamọ́ ìwé àtijọ́. Ó ti rí ẹni tó fi ìwé ṣe ìrọ̀rí, ó ti gba ojú-ìwé lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fa á ya lọ sílé, àmọ́ kò tíì rí ẹni tó ń gbóòórùn rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, nítorí ìwé tó ti fẹ́ẹ̀ di eérú, bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kàn án, á tún ṣeé kà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ní, "ojú la fi ń ka ìwé níbí o."

Ọkùnrin náà ta gìrì, ìtìjú sì mú un. "Ẹ má bínú. Mo rò pé bóyá òórùn òkun á ṣì kù lára rẹ̀."

Èsì náà ya obìnrin náà lẹ́nu ju ohun tó kọ́kọ́ rí lọ. Ó fa àga, ó jókòó.

Oníjígí ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, nítorí jígí ojú ló ń gé fún àwọn tí kò ríran dáadáa. Eruku jígí ló wà léèékánná rẹ̀ yẹn. Ó ṣàlàyé pé bàbá tó bí bàbá bàbá òun ló wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti ilẹ̀ olókè kan ní òdìkejì òkun, àti pé irú ìwé yìí ni wọ́n kọ orúkọ àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté sí láyé ọjọ́un. Òun fẹ́ fi ojú ara òun rí orúkọ náà. Ìwé ọdún tó ṣáájú ló wà níwájú rẹ̀. Èyí tó ń wá gan-an, omi òjò ti bà á jẹ́, ó sì wà nínú yàrá iṣẹ́ Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń dúró de ìtọ́jú.

Ó béèrè ìgbà tí yóò ṣeé kà. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ní ó máa tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, torí ìwé tó ti mumi, a kì í kánjú sí i. Ọkùnrin náà ní kò burú, òun á máa wá wò ó. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ní aláìsàn nílé ìwòsàn.

Ó sì ń wá lóòótọ́. Ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á gun àtẹ̀gùn wá, á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n á fi ní kó jókòó. Á máa wo bí obìnrin náà ṣe ń fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ṣí ojú-ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń fi aṣọ fa omi lára rẹ̀, tó sì ń fi bébà tó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà lẹ ibi tó lu. Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, ó mú awẹ́ jígí kan tó ń sọ kékeré di ńlá wá, tó fúnra rẹ̀ gé, tó sì ti igi ọwọ́ bọ̀ ọ́ nídìí.

"Mo rí i pé ẹ máa ń fún ojú pọ̀," ó ní. "Iṣẹ́ mi ni."

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ dúpẹ́ bí ẹni tí kò jọ lójú. Ṣùgbọ́n kò gbé jígí náà sílẹ̀ títí ó fi parí iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun kan wà tí kò yé obìnrin yìí, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Oníjígí kò dé ilẹ̀ olókè náà rí. Bàbá rẹ̀ kò débẹ̀. Orin ilẹ̀ náà mẹ́ta péré ló mọ̀, ẹyọ kan ló sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, ní gbogbo àárọ̀, á kọ́kọ́ wo bí ojú ọjọ́ ṣe rí lọ́hùn-ún. Bí àwọn agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ náà bá fìdí rẹmi, ìfìdírẹmi sì niṣẹ́ wọn, kò ní jẹun ọ̀sán.

Lọ́jọ́ kan tó wọlé tòun ti aṣọ tútù, obìnrin náà ní, "Òjò ibí ń pa yín, ẹ ò mú agbòjò. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé oòrùn ń ràn lókè òkun."

"Ó ń ràn dáadáa," ni Oníjígí fèsì, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹ̀rín tán, obìnrin náà bi í tọkàntọkàn pé kí ló dé. Oníjígí ní ọmọ ọdún méje lòun nígbà tí bàbá òun kú. Òun ò rántí ohùn rẹ̀ mọ́, òun ò fi bẹ́ẹ̀ rántí ojú rẹ̀. Gbólóhùn kan ló kù. Bí òun bá ṣubú tí òun ń sunkún, bàbá á ní ọmọ olókè kì í jókòó síbi tó bá ṣubú sí.

"Ìgbà tí mo bá sọ pé ọmọ olókè ni mí," ó ní, "ó máa ń dà bíi pé ó ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀."

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ náà wá sọ tirẹ̀: ilé ọmọ òrukàn ni nọ́ọ̀sì kan ti mú òun tọ́, nọ́ọ̀sì náà ti dolóògbé, òun ò sì mọ ẹni tó bí òun. Kò dun òun. Oníjígí béèrè pé ṣé kì í wù ú láti mọ̀ ni. Obìnrin náà ní ohun tó ń wu òun láti mọ̀ ni ìdí tó fi ń wu àwọn yòókù. Nígbà yẹn, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ tó dà bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú kan, Oníjígí mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá, ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́ gangan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì níwọ̀n. Lára ògiri pálọ̀ ni wọ́n fi àtẹ orúkọ ìdílé kọ́ sí, bàbá ńlá tó wọ ọkọ̀ wá ló wà nídìí, àwọn yòókù sì yọ ẹ̀ka lórí rẹ̀. Màmá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún un ní ohun mímu, lẹ́yìn náà ló rọra béèrè pé àwọn wo lẹbí rẹ̀. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí. Màmá mi orí, ó kí i kú ara fẹ́ra kù lórí nọ́ọ̀sì tó lọ, ọ̀rọ̀ sì yà síbòmíràn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ dìde lọ fọwọ́, ó gbọ́ ohùn Màmá nínú ilé ìdáná.

"Ọmọ dáadáa ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n igi tí a ò mọ gbòǹgbò rẹ̀, ibo la fẹ́ so ó mọ́ lára ògiri yẹn?"

Ó dúró kó gbọ́ ohun tí Oníjígí máa sọ. Oníjígí ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká rọra ṣe é."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun obìnrin náà ju ti Màmá lọ. Lójú ọ̀nà, ó bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ rọra ṣe. Oníjígí ní ìyá òun nílò àkókò. Obìnrin náà ní ìwé nílò àkókò torí pé omi wọ̀ ọ́, kí ló wọ Màmá?

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ dé ojú-ìwé bàbá ńlá. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ dá orúkọ náà mọ̀ láti ara ògiri Màmá. Ó rí i pé ẹnì kan ti lẹ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo ìlà mẹ́rin nísàlẹ̀ orúkọ náà tipẹ́tipẹ́, ó sì kọ orúkọ ìlú kan ní ilẹ̀ olókè sórí rẹ̀ dáadáa. Omi ti tú gọ́ọ̀mù àtijọ́ náà. Ó fi aṣọ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ti ọ̀bẹ bọ abẹ́ rẹ̀, bébà náà sì ṣí.

Ìlú ìbí: kò mọ̀. Bàbá: kò mọ̀. Ìyá: kò mọ̀. Ẹ̀yà: ibẹ̀ ni akọ̀wé èbúté ti kọ ọ́ ní ọwọ́ wọ́gọwọ̀gọ pé, "Ó ní kí n kọ ti ìyàwó òun, obìnrin ilẹ̀ olókè tó dúró tì í."

Ká má purọ́, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fẹ́ pa obìnrin náà. Ẹ̀yìn ẹ̀rín ni ẹ̀rù dé. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìkán gọ́ọ̀mù kan péré ló máa dá a padà. Bó bá sọ ọ́, ó lè gba ohùn bàbá kúrò létí ọmọ. Wọ́n sì lè ní nítorí ara rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Ọjọ́ méjì ló fi ń gbé bébà náà, tó tún ń gbé e sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ibi tó ti wá mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n fi nǹkan ẹni pamọ́ fúnni.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó fi awẹ́ jígí náà lé Oníjígí lọ́wọ́, ó ní kó kà á fúnra rẹ̀. Oníjígí kà á, ó tún un kà.

"Ṣé inú rẹ dùn báyìí?" ó ní. "Àwa méjèèjì ti di ọgbọọgba."

"Mo lè lẹ̀ ẹ́ padà kí o tó dé. Mi ò lẹ̀ ẹ́."

Oníjígí rọra gbé jígí náà sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, kò wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, kò wá. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì fi ẹ̀yìn kọ ilẹ̀kùn kó má baà máa wò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, ìṣísẹ̀ kan ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó wúwo, kò yá. Màmá ni. Ó ní ọmọ òun ti sọ fún òun, òun fẹ́ fi ojú òun rí i. Ó wọ jígí ojú rẹ̀, ó ka ojú-ìwé náà lórí ìdúró, lẹ́yìn náà ló wá àga.

"Kí ló dé tí o ò lẹ̀ ẹ́ padà?"

"Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni pé kí n tún ìwé ṣe, Màmá. Wọn ò ní kí n tún un kọ."

Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. Ó wá ń sọ ìtàn kan bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́. Òun náà kì í ṣe ọmọ olókè. Ọ̀dọ́ tíṣà tí kò mọ ẹnikẹ́ni lòun nígbà tí wọ́n gbé òun wá sílùú yìí, ìyá ọkọ òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ òun sórí àtẹ náà. Nígbà tí ọkọ òun kú, oṣù kan gbáko ni àwọn ọmọ olókè ìlú yìí fi ń pààrọ̀ ara wọn lẹ́nu ọ̀nà òun. Wọ́n ń dáná, wọ́n ń fọ aṣọ ọmọ, wọ́n ń kọ orin tí òun ò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, títí òun fi lè dìde.

"Wọ́n dì mí mú, èmi náà sì dì wọ́n mú," ó ní. Ó fi ìka kan etí ojú-ìwé náà. "Ọkùnrin yìí, obìnrin kan ló fà á lọ́wọ́ wọlé. Èmi náà, obìnrin kan ló fà mí lọ́wọ́ wọlé. Ó wá kàn mí kí n fa ẹlòmíràn, mo ti ilẹ̀kùn. Má bínú sí mi, ọmọ mi."

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, ó gbá a lọ́wọ́ mú. Nígbà tí Màmá dé ẹnu àtẹ̀gùn, ó yíjú padà. Ó ní ọwọ́ ọmọ òun ò balẹ̀ mọ́. Ó gé jígí fún ọkùnrin kan lọ́sẹ̀ yẹn, ọkùnrin náà sì padà wá, ó ní ìyàwó òun ti di méjì.

Lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán gangan, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà. Oníjígí rí i, ó pa ẹ̀rọ. Ó ní kì í ṣe obìnrin náà ló bí òun nínú, ó kàn jẹ́ pé obìnrin náà ló wà nítòsí, kó darí jì òun. Ó ní òun ti gbìyànjú láti gbàgbé ilẹ̀ olókè náà. Òun ò wo ojú ọjọ́ ibẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n rédíò sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé omi ti gbé afárá kan lọ níbẹ̀, òun ní kò kan òun, ọwọ́ òun ò sì gé nǹkan tó tọ́ mọ́ láti ìgbà náà.

"Kí ló fà á?" Obìnrin náà ṣì ń fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

"Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ilẹ̀ yẹn ló bí bàbá ńlá mi. Àṣé òun fúnra rẹ̀ ló yàn án ni. Ó wo obìnrin kan, ó ní ibi tí eléyìí ti wá lèmi náà ti wá, ó sì rọ̀ mọ́ ọn títí ó fi kú. Mi ò rò pé ìyẹn kéré sí ẹ̀jẹ̀." Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. "Lọ́jọ́ yẹn nílé ìdáná, mo ní ká rọra. Ojo ló ṣe mí. Olólùfẹ́ mi, jọ̀ọ́, fẹ́ mi."

"Ṣé kì í ṣe Màmá ló rán ọ?"

"Màmá ò mọ̀ pé o wà níbí."

"Ìwọ ni o ò mọ nǹkan kan," ni obìnrin náà fèsì, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi lé ròrò lójú rẹ̀. "Màá fẹ́ ọ. Ṣùgbọ́n bá mi lọ síbì kan ná."

Ilé ọmọ òrukàn tí wọ́n ti mú un ni. Ìfẹ́ láti mọ̀ ti jí nínú obìnrin náà, kò sì fẹ́ sùn mọ́. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú ọ́fíìsì, obìnrin tó ń tọ́jú fáìlì sì wọ yàrá inú lọ.

"Bí wọn ò bá rí nǹkan kan ńkọ́?" Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ béèrè.

"A ó jọ lọ sílé náà ni."

Nígbà tí obìnrin onífáìlì náà jáde, bébà kan ṣoṣo ló mú dání. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ gbà á bó ṣe máa ń gba ìwé tó fẹ́ ya. Ìlà mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀. Ọmọbìnrin. Ó máa tó ọmọ oṣù mẹ́ta. A kò mọ ẹni tó gbé e wá. Ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó bá gbé e.

Ó kà á, ó tún un kà, ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Kò sí ìlú níbẹ̀, kò sí orúkọ bàbá, kò sí ti ìyá. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti dúró lọ́jọ́ náà, ó ti wo ọmọ aláìlẹ́nìkan, ó sì rí i pé ó yẹ kí òun kọ ìlà kẹrin yẹn.

"Ẹnì kan rí mi," ó ní.

Oníjígí fà á mọ́ra, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ títí ara obìnrin náà fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin onífáìlì, wọ́n sì jọ lọ bá Màmá, kí wọ́n lè mú ọjọ́ ìgbéyàwó.