Ìwé Àwòrán Eunice

"Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ ọwọ́ yín sórí ikùn," ni Eunice wí. "Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ kàn máa mí, kí ẹ sì máa wò ó bó ṣe ń lọ sókè, tó ń wá sílẹ̀."

Àwọn ọmọdé mẹ́rìnlá dùbúlẹ̀ sórí ẹní nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀kà Àkókó. Kò sẹ́ni tó pariwo. Ìbílọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n.

Ó ti tó ọdún méjì tí òun nìkan ti ń kó àwọn ọmọ yìí jọ lọ́jọọjọ́ Sátidé, tó ń pa ìtàn fún wọn. Wọ́n máa ń sáré wá dì mọ́ ọn. Àmọ́ láti ìgbà tí Eunice, tí wọ́n jọ wà ní SS2, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ìwé àwòrán kan wá, ìwé yẹn ni wọ́n ń béèrè. Ọmọ tó jókòó sórí àpáta tó ń gbọ́ atẹ́gùn wà níbẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà, tó ń ka èémí rẹ̀ láti oókan dé aárùn-ún, náà wà níbẹ̀. Ojú ewé yẹn ni Gift, ọmọ ọdún márùn-ún, fẹ́ràn jù. Láti ìgbà tí ìjì ti ṣí òrùlé ilé wọn ni àrá ti ń dẹ́rù bà á.

Àǹtí Adùnọlá, olùkọ́ tó ń ti Ìkàrẹ́ wá bójú tó kíláàsì náà, gba ìwé náà wò. "Eunice, o ṣeun. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá mú un lọ han àwọn olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi wa."

Kò sọ nǹkan kan nípa Ìbílọlá. Nígbà tí wọ́n ń gbálẹ̀, Ìbílọlá ti ìwé náà bọ inú àpò ara rẹ̀.

Eunice wá a títí, ó sunkún. Ìbílọlá bá a wá a. "Bóyá o gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀ ni," ló wí.

Ní Sátidé kejì, Eunice kò wá. Inú Ìbílọlá dùn. Ó ń pa ìtàn lọ́wọ́ nígbà tí ojú ọ̀run ṣú, tí àrá sán. Gift bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Àǹtí, ìwé wa dà?"

"Jókòó jẹ́jẹ́, kò sí ìwé."

Àrá tún sán. Kí Ìbílọlá tó dìde, Gift ti sá jáde sínú òjò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àpáta, ó ṣubú, apá ọ̀tún rẹ̀ sì kán.

Ní ọsibítù, ọmọ náà tún béèrè pẹ̀lú omijé lójú pé, "Ṣé wọ́n ti rí ìwé wa?"

Ìbílọlá dìde. Ó lọ sílé, ó mú ìwé náà, ó gbé e lọ bá Eunice.

"Èmi ni mo mú un."

Eunice gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ìwọ ni wọ́n fẹ́ràn jù báyìí."

"Èmi ò mọ ìtàn pa bíi tìẹ," ni Eunice wí. "Ìdí tí mo fi ya àwòrán nìyẹn."

Nígbà tí Àǹtí Adùnọlá gbọ́, ó ní kí Ìbílọlá má wá sí kíláàsì náà mọ́ títí sáà yóò fi parí, ó sì ní kó lọ bá Zacchaeus, bàbá Gift, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe. Ìbílọlá kúnlẹ̀ níwájú bàbá náà, ó jẹ́wọ́. Bàbá náà kò jágbe mọ́ ọn. Ó kàn ní, "Ọmọ mi kò ní lè fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé fún oṣù kan àtààbọ̀." Ìbílọlá ì bá fẹ́ kó nà án.

Lọ́nà ilé, ó yé e dáadáa. Ìfẹ́ tí àwọn ọmọ náà ní sí Eunice kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ òun. Ìlara òun ló gba àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ òun, Gift tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ló sì kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.