Àròkọ Tí Bàbá Mi Fọwọ́ Sí

"Ẹ bá mi yin Olúwa! Halelúyà méje!"

Bí Dókítà Títílọlá Ògúnlẹ́yẹ ṣe ka gbólóhùn yìí síta, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín, nítorí èmi ni mo kọ ọ́. Mo tẹrí mọ́lẹ̀, mo ń ṣe bí ẹni tó ń wá bírò tó bọ́ sábẹ́ àga.

Ọdún àkọ́kọ́ mi ní yunifásítì nìyẹn, ọ̀kan lára àwọn tí ìjọ Ọlọ́run dá sílẹ̀ ní Ọ̀tà láyé ìgbà tí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́ lánàá ń di ṣọ́ọ̀ṣì, tí èyí tó kù ń di yunifásítì. Gbogbo ọmọ ọdún kìn-ín-ní ló gbọ́dọ̀ ṣe kọ́ọ̀sì tí wọ́n ti ń kọ́ wa bí a ṣe ń kọ àròkọ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Dókítà Ògúnlẹ́yẹ ló ń kọ́ wa. Obìnrin kúkúrú ni, bàtà pẹlẹbẹ ló máa ń wọ̀, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Síbẹ̀, tó bá ti ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń wúkọ́. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó fún wa ni pé kí kálukú kọ nípa ẹnì kan tó mọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kára. Èmi kọ nípa bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Sàǹgó tí wọ́n ti ń ṣe kẹ́ẹ̀gì àti oríṣiríṣi nǹkan oníke.

Kí n má parọ́, mo ti rò pé mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ni mo máa gbà. Nínú ìjọ wa ní Ìyànà-Ìyesí, kò sí ọmọ tó mọ ìjẹ́rìí jẹ́ tó mi. Tí mo bá ti gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àwọn ìyá àgbà á ti máa nu ojú kí n tó dé àárín ọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí mo ṣe ń jẹ́rìí ni mo ṣe kọ àròkọ mi. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́, ọ̀tá gbógun, Olúwa yọ ọ́, ẹ bá mi yin Olúwa. Mẹ́ta ni mo gbà.

Dókítà gbé ọwọ́ sókè, ẹ̀rín sì dákẹ́. "Kò sóhun tẹ́ ẹ máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Èmi náà máa ń jẹ́rìí ní ìjọ mi. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ń jẹ́rìí, àwọn tó ń gbọ́ ọ ti gbà á gbọ́ kó tó lanu. Ẹni tó ń ka àròkọ rẹ kò mọ̀ ọ́ rí. Ìbéèrè ló máa bi ọ́." Ó yíjú sí mi. "Ayọ̀kúnnúmi, kí ni bàbá rẹ máa ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe gan-an níbi iṣẹ́ yẹn?"

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ń jẹ oúnjẹ tí iṣẹ́ yẹn ń gbé wálé, mi ò sì mọ ohun tí bàbá mi ń ṣe níbẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà ló fún wa ní iṣẹ́ kejì, òun ló sì ni ìdajì máàkì gbogbo kọ́ọ̀sì náà. Ó ní kí a tún kọ nípa ẹni yẹn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí òfin kan wà níbẹ̀ tí mi ò gbọ́ lẹ́nu lẹ́kọ́rà mìíràn rí.

"Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ gbé e lọ bá ẹni tẹ́ ẹ kọ nípa rẹ̀. Ẹ kà á sí i létí ní èdè tó ń sọ nínú ilé. Tó bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún un kọ. Tó bá gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí, kó fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Ìwé tí kò bá ní ìfọwọ́sí, mi ò ní kà á."

Ìjọ wa ló ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi, wọ́n sì ti là á mọ́lẹ̀ pé ọmọ tó bá fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, ìrànwọ́ náà ti tán. Tí mo bá pàdánù kọ́ọ̀sì yìí, mo ti pàdánù yunifásítì nìyẹn.

Ó yẹ kí n gba àṣẹ, kí n lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀. Ká sòótọ́, ojú ló ń tì mí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń kọ nípa bàbá tó jẹ́ lọ́yà àti màmá tó jẹ́ dókítà. Bàbá tèmi ń ṣe kẹ́ẹ̀gì.

Jabez tó máa ń jókòó ti mí ló bá mi wá ọ̀nà àbùjá. Ọmọ pásítọ̀ ni, táì rẹ̀ kì í wọ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn ju oyin lọ.

"Ayọ̀, kí lò ń da ara ẹ láàmú sí? Ẹ̀gbọ́n mi kọ irú àròkọ yìí ní yunifásítì tiẹ̀, nípa òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bíi ti bàbá ẹ. Gẹ̀ẹ́sì inú ẹ̀ ki! Sáà yí orúkọ padà, kó o sáìn ín."

"Tí wọ́n bá mọ̀ ńkọ́?"

"Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀? Ṣé màmá yìí mọ sáìn bàbá ẹ ni?"

Mo gbà. Mo dà á kọ, mo yí orúkọ padà. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ ìwé, mo fa ìlà gígùn kan, mo ká a po lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi àmì ìdánudúró méjì sábẹ́ rẹ̀. Lójú tèmi, bí àwọn èèyàn ńlá ṣe ń fọwọ́ síwèé nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹta, Dókítà ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ìwé mi wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì.

"Jókòó. Ka ìwé yìí fún mi ní Yorùbá, bó o ṣe kà á fún bàbá rẹ."

Mo mú ìwé náà. Nínú gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀ tí mi ò gbọ́ rí láyé mi. "Bàbá mi jẹ́... ó jẹ́ ẹni tí... tí ó..." Mo fò ó, mo lọ sórí gbólóhùn kejì, ìyẹn tún le jù ú lọ. Dókítà ń dúró dè mí. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

"Ẹni tó bá ti ka ìwé yìí fún bàbá rẹ̀ lóòótọ́, Yorùbá rẹ̀ á ti wà lẹ́nu rẹ̀," ó ní. "Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á lé e bá. Tìrẹ ò tiẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan."

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mi ò dárúkọ Jabez, nítorí ọwọ́ tèmi ni mo fi kọ ọ́.

"Dìde," ó ní. "Òdo ni èyí gbà. Mo fún ọ di ọjọ́ Ajé, lọ mú òótọ́ wá. Bó ti wù kó dára tó, ìdajì máàkì rẹ̀ ni mo máa fún ọ. Ó wá ku ohun kan. Kí bàbá rẹ tó fọwọ́ sí i, wàá sọ fún un pé o ti bá a fọwọ́ sí èyí."

Omi lé ròrò sójú mi. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúkú jẹ́ kó wà ní òdo. Ẹ má jẹ́ kí n sọ fún dádì mi."

"Òdo yẹn á lé ọ kúrò níbí, kò sì ní kọ́ ọ ní nǹkan kan." Ó fa bébà kan yọ, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé àṣẹ tí màá fi jáde. Nígbà yẹn, mo rò pé ìkà ni. Mo ti mọ̀ báyìí pé bí ìyá ṣe ń ṣe fún ọmọ rẹ̀ ni obìnrin náà ṣe fún mi.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo dé ilé wa ní Sàǹgó. Mọ́mì wà nínú ìsọ̀ kékeré tó wà níwájú ilé, níbi tí wọ́n ti ń ta mílíìkì àti ọṣẹ. Kò pẹ́ tí Dádì fi ti ibi iṣẹ́ dé, òórùn ike yíyọ́ sì bá wọn wọlé. Kí wọ́n tó jókòó, Mọ́mì tẹ̀ lé wọn wọlé, wọ́n bọ́ òrùka kan kúrò ní àtàǹpàkò ara wọn, wọ́n fi lé Dádì lọ́wọ́, Dádì sì fi í sí ìka. Láti kékeré ni mo ti ń rí i. Mi ò bèèrè rí.

"Dádì, kí ló dé tí òrùka ìgbéyàwó yín fi máa ń wà lọ́wọ́ Mọ́mì?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. "Àṣé o ò mọ̀," Dádì ní. "Ẹ̀rọ tí mò ń lò ní ẹnu. Tó bá lanu, màá nawọ́ mú kẹ́ẹ̀gì inú ẹ̀ jáde kó tó tún pa ẹnu dé. Mo lè ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, mi ò lè ka àrún. Òrùka lè kọ́ etí irin níbẹ̀. Ògúnlàdé, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí ìka ẹ̀ méjì ṣe lọ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bọ́ tèmi fún màmá ẹ láràárọ̀."

"Èmi náà á sì fi sí àtàǹpàkò," Mọ́mì ní. "Tí mo bá ń tajà, tí mo fọwọ́ kàn án, màá ní, 'Olúwa, ó ku wákàtí mẹ́ta. Olúwa, ó ku méjì.'"

Mo fa ìwé yọ, mo sì ń bèèrè. Abèèrè kì í ṣìnà. Dádì to ife sílẹ̀, wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ, wọ́n ń fi ọwọ́ júwe fún mi. Wọ́n ní ẹni tó bá ń kánjú ni ẹ̀rọ máa ń gé, pé ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mi ò rí wọn kí wọ́n sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Àṣé ọlọ́gbọ́n ni bàbá mi, èmi ni mi ò bi wọ́n.

Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn ni mo fi kọ ọ́, torí mo mọ̀ pé ẹnu mi ló máa sọ ọ́ di Yorùbá. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, mo jókòó síwájú Dádì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

"'Ní gbogbo àárọ̀, bàbá mi máa ń bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀, màmá mi á sì fi í sí àtàǹpàkò...'"

Dádì ń mi orí. Mo ń kà á lọ. "'Ẹ̀rọ náà ń bú ramúramù bíi kìnnìún.'"

"Dúró ńbẹ̀. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Tó bá ń bú, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó máa ń mí ni. Mímí ẹ̀ ni mo fi ń mọ ìgbà tó máa lanu."

Mo pa kìnnìún rẹ́. "'Bàbá mi kò bẹ̀rù ẹ̀rọ náà rárá.'"

Dádì fọwọ́ dá mi dúró. "Pa ìyẹn náà rẹ́. Ẹ̀rù máa ń bà mí lójoojúmọ́. Ẹ̀rù yẹn ni ìka mi fi pé mẹ́wàá."

Mọ́mì tó ń ṣa ìrẹsì dáwọ́ dúró. Mo pa á rẹ́, mo sì kọ ohun tí wọ́n sọ síbẹ̀ gan-an. Nígbà tí mo kà á tán, Dádì ní kí n gbé bírò wá.

"Dádì, ẹ má tíì fọwọ́ sí i." Mo kúnlẹ̀. Mo mú ìwé irọ́ náà jáde, mo sì sọ ohun tí mo ṣe látòkè délẹ̀.

Wọ́n wo ìlà tí mo ká po yẹn títí. "Èmi ni wọ́n ní mo kọ èyí?" Wọ́n fi bírò lélẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n sì jáde. Mo rò pé ó ti tán, kì í ṣe ti yunifásítì nìkan.

Nígbà tí wọ́n padà wọlé, ohùn wọn rọlẹ̀. "Ìwé kan wà ní gẹ́ètì ilé-iṣẹ́ wa. Láràárọ̀, mo máa ń kọ orúkọ mi sínú ẹ̀ kí n tó wọlé. Tí nǹkan bá ṣe mí nínú ilé-iṣẹ́ yẹn, orúkọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ yẹn ni wọ́n máa fi mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ẹnì kan kì í bá ẹlòmíràn kọ ọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà. Ẹ dárí jì mí."

"Tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀."

Mo tún un kà, omijé sì ń bọ́ sórí ìwé. Nígbà tí mo parí, wọ́n mú bírò. Wọn ò fa ìlà, wọn ò ká nǹkan kan po. Wọ́n rọra kọ orúkọ wọn pé pérépéré, lẹ́tà kan tẹ̀ lé ìkejì, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní gẹ́ètì: Ọlábánjí Fọláwẹwọ́.

Ìdúró ni Dókítà Ògúnlẹ́yẹ wà tó fi kà á tán lọ́jọ́ Ajé. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, kò sì tètè dá a padà sójú. Ó kọ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá sórí rẹ̀, ó fagi lé e, ó wá kọ mẹ́rin àbọ̀. "Bá mi kí bàbá rẹ," ó ní. Nígbà tí wọ́n rò ó pọ̀ mọ́ ìdánwò, máàkì kan péré ni mo fi yege.

Jabez ò yege. Òun náà ò lè ka tiẹ̀ ní Yorùbá, nígbà tí Dókítà sì ní kó tún un kọ, ó ní kí wọ́n má da òun láàmú. Ó tún kọ́ọ̀sì náà ṣe lọ́dún kejì. Ìyá àgbà tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀ ló kọ nípa rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó sì sọ fún mi pé ṣáájú ìgbà yẹn, òun ò bá ìyá náà sọ ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ rí.

Èmi náà ti di olùkọ́ báyìí, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Alápòtí. Òfin Dókítà Ògúnlẹ́yẹ ni mò ń lò, àwọn ọmọ sì máa ń kùn. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ bi àwọn tó ń bọ́ wọn ní ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ wọn ṣe, kí wọ́n kọ òótọ́ ibẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n má sì fi orúkọ ẹlòmíràn bo iṣẹ́ tí wọn ò ṣe. Gẹ̀ẹ́sì tó ki kò lè gba irọ́ là, orúkọ rere sì ṣòro láti rí padà tó bá ti bọ́.

Dádì ti fẹ̀yìn tì. Òrùka wọn kì í kúrò níka wọn mọ́, ṣùgbọ́n Mọ́mì ṣì máa ń fọwọ́ kan àtàǹpàkò wọn nígbà mìíràn tí wọ́n bá ń tajà.