Koríko Tí Lará Kò Fà Tu

"Ta ló gbin ìgbẹ́ sínú ilé mi?"

Ohùn Bàbá Fákúnlé ló jí gbogbo ilé ní àárọ̀ Sátidé yẹn. Àwọn ayálégbé yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹlòmíràn pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ẹlòmíràn pẹ̀lú aṣọ tó so mọ́ àyà. Bàbá onílé dúró síwájú ilé, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí etí kànáàlì, ó ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ gún koríko tútù kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín okùn tí ẹnì kan ta yí i ká. Bàbá ti lọ sí Èkìtì láti tọ́jú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Gbogbo ilé ló mọ ẹni tó gbin koríko náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó la ẹnu. Lará náà ì bá dákẹ́, torí dídákẹ́ ló ń jẹ́ kí ayálégbé pẹ́ nílé onílé. Àmọ́ dídákẹ́ kò sí lára ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yìí. Ó bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Èmi ni mo gbìn ín."

"Káàárọ̀ kọ́, káalẹ́ ni! Ṣé o fẹ́ kí ilé mi di ahoro lójú ayé mi ni? Níbo lo ti rí i tí koríko ń hù lójúde ilé tí èèyàn ń gbé?"

Ẹ má tètè dá bàbá náà lẹ́bi. Láàárín wa, ẹni tó bá fẹ́ ṣépè burúkú fún ìdílé kan, ohun tó máa sọ ni pé kí koríko hù lójúde wọn. Ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ bá hàn kedere là ń pè ní ilé mímọ́. Bàbá Fákúnlé, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré rárá. Àràárọ̀ ni àwọn ayálégbé rẹ̀ ń gbálẹ̀ títí ojú ilẹ̀ á fi máa dán. Ohun tí kò rò ni pé ìgbálẹ̀ ń tú erùpẹ̀, òjò sì ń kó ohun tí ìgbálẹ̀ bá tú dà sínú kànáàlì.

"Kì í ṣe ìgbẹ́, sà," ni Lará wí. "Bàhámà ni, koríko tí wọ́n ń gbìn ni. Ó máa di ilẹ̀ mú. Ẹ wo ìpìlẹ̀ yàrá wa, sà, búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ ti yọ síta. Iyanrìn tí ẹ dà síbẹ̀ léṣìí, òjò ti gbé e lọ."

"Ejò ńkọ́? Ṣé òun náà máa di ilẹ̀ mú?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ojú ti Lará, inú sì bí i.

"A ó máa gé e mọ́lẹ̀, sà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Tótó, ó ṣe bí òwe o."

"Ta ló ní kó o pa á?" Bàbá na ọ̀pá sí i. "Kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá ò ní ká a mọ́. Ìwọ àti koríko yẹn ni mò ń bá wí! Tí mo bá rí i níbí ní Sátidé tó ń bọ̀, kí ìyá ẹ lọ wá yàrá síbòmíràn."

Ọgbọ́n tí Lará ń dá kò ti ojú oorun wá. Nígbà tí òjò ọdún yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí Bàbá Fákúnlé wà ní Èkìtì, ìyá rẹ̀ rán an sí àǹtí rẹ̀ kan ní Àjàó Estate. Bó ṣe ń kọjá ní Apakun ni òjò ká a mọ́ ojú ọ̀nà, ó sì sá sábẹ́ àtíbàbà Ìyá Ashraf, obìnrin tó ń ta òdòdó àti koríko lẹ́bàá títì. Níbẹ̀ ló ti rí ohun tó yà á lẹ́nu. Omi tó ń ṣàn gba orí òkìtì tí Ìyá Ashraf gbin Bàhámà sí mọ́ lóló, ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kejì tí kò sí koríko, ẹrẹ̀ pupa ló ń ṣàn. Lará ronú kan ìpìlẹ̀ yàrá wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bo obìnrin náà títí tíyẹn fi fún un ní àpò kan tó kún fún ìgékù ìtàkùn koríko náà.

"Gé e sí kéékèèkéé, kí oríkèé wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan," ni Ìyá Ashraf wí. "Bo ìdí ẹ̀, jẹ́ kórí ẹ̀ yọ. Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ o. Tó bá ti mú, máa gé orí ẹ̀. Tí kò bá rí òkè lọ, ẹ̀gbẹ́ ló máa fà sí."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Lará ṣe. Ó ro ilẹ̀, ó fọ́ ọ kúnná, ó gbìn ín ní ẹsẹẹsẹ láti iwájú fàráńdà Bàbá Fákúnlé títí dé iwájú yàrá wọn, ó ń fi omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì wọ́n ọn. Nígbà tó kọ́kọ́ pọ́n bí ẹni pé ó ti kú, Roqeebah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé yàrá kejì, fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú u. "Àgbẹ̀ koríko! Ìgbà wo lo máa kórè, ká wá bá ẹ jẹ ẹ́?" Lará ń bomi rin ín lọ. Nígbà tó yá, ewé tuntun yọ, ìtàkùn tín-ín-rín bẹ̀rẹ̀ sí í fà lórí ilẹ̀, ó ń ta gbòǹgbò bó ṣe ń lọ. Lará ń fi ọwọ́ fa èpò inú rẹ̀, ó ń fi sísọ́ọ̀sì gé orí rẹ̀. Òjò ńlá rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, erùpẹ̀ ìdí yàrá wọn kò sì lọ mọ́.

Koríko yìí ni Bàbá Fákúnlé ní kó ro dànù.

"Fà á tu, Lará, mo bẹ̀ ẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyá Lará ń di bisikíìtì sínú páálí ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀. Láti Ìkirè ló ti wá, kò sì ní ẹni tó lè sá tọ̀ l'Ékòó.

"Màámi, yàrá wa ni mò ń dáàbò bò."

"Yàrá ta ni? Ti Bàbá Fákúnlé ni! Tó bá wó, orí ẹ̀ ló wó lé."

"Àwa là ń sùn sínú ẹ̀, mà. Orí wa ló máa wó lé."

Ìyá rẹ̀ mọ̀ pé òótọ́ ni, ló bá bínú. Bẹ́ẹ̀ ni àwa àgbà máa ń ṣe nígbà mìíràn.

Roqeebah náà wá gbà á nímọ̀ràn ní tirẹ̀. "Ìwọ náà ti le jù. Lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá, sunkún díẹ̀, sọ pé iṣẹ́ èṣù ni, kó o sì fà á tu. Ṣé torí koríko ni wọ́n á ṣe kó ẹrù yín síta?"

"Mo lè kúnlẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú," Lará dá a lóhùn. "Mi ò ní fà á tu."

Lọ́jọ́rú, Lará ti ilé-ìwé dé, ó bá ìdajì koríko rẹ̀ ní títú, gbòǹgbò rẹ̀ kọjú sí oòrùn. Ọkọ́ ìyá rẹ̀ fara ti ògiri. Iwájú fàráńdà Bàbá Fákúnlé ni obìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀, kí bàbá lè tètè rí i pé òun ń gbọ́ràn. Ìgbà tí àsìkò iṣẹ́ ọ̀sán tó ló fi í sílẹ̀, kò tíì dé iwájú yàrá tiwọn.

Lará jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Inú bí i sí ìyá rẹ̀ ju bó ṣe bí i sí onílé lọ. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó ṣa ìtàkùn tí kò tíì rọ jù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn wọ́n padà, lójú ọ̀sán gangan, níwájú Bàbá Fákúnlé tó jókòó sórí àga rẹ̀ ní fàráńdà.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ojú mi lo ti ń ṣe èyí?"

Lará kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún erùpẹ̀. "Ojú yín ni, sà. Mi ò fẹ́ ṣe é lẹ́yìn yín."

Bàbá ní kò burú. Ó ní òun ti bá Sàláúdéènì tó máa ń kó gọ́tà fún wọn sọ̀rọ̀. Tó bá di Sátidé, á wá ro gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀, Ìyá Lará á sì di ẹrù rẹ̀.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, Lará kí i, ó sì gbé oúnjẹ fún un. Obìnrin náà fi ṣíbí ro oúnjẹ títí.

"Ẹ̀rù ló bà mí, Lará."

"Mo mọ̀, mà. Ó ń ba èmi náà."

Òjò ọjọ́ Ẹtì kò mọ onílé, kò mọ ayálégbé. Láti ìrọ̀lẹ́ ló ti ń rọ̀ kíkankíkan, omi òpópónà sì ya wọ inú ọgbà lọ tààrà sí kànáàlì. Lará dúró lójú fèrèsé, ó ń wo bí omi ṣe ń fa àwọn ìtàkùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn padà lọ, nítorí wọn kò tíì ta gbòǹgbò. Ó dùn ún wọnú egungun.

Kí Sàláúdéènì tó dé pẹ̀lú ọkọ́ léjìká ní àárọ̀ Sátidé, Lará ti kúnlẹ̀ sáàárín koríko tó ṣẹ́ kù. Koríko náà kò wuni wò lọ́jọ́ yẹn. Ẹrẹ̀ bò ó, igun rẹ̀ kan ti ya, àwọn ọ̀rá omi sì há sí i. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ wà níbi tó wà.

"Ọmọ dáadáa, dìde, jẹ́ n ṣiṣẹ́ mi," ni Sàláúdéènì wí.

"Ẹ má bínú, bùrọ̀dá. Èmi lẹ máa kọ́kọ́ ro."

Sàláúdéènì wo ojú Bàbá Fákúnlé. Bàbá ń pariwo láti orí fàráńdà pé kí Ìyá Lará wá gbé ọmọ rẹ̀ kúrò. Obìnrin náà jáde pẹ̀lú ìró lásán. Gbogbo ilé rò pé yóò fa ọmọ rẹ̀ létí wọlé. Àmọ́ ó wọ inú ẹrẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ Lará, ó sì kúnlẹ̀ tì í.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, sà," ni ó wí. "Ẹ ní ká ro ó, mo sì bá yín ro ìdajì. Ẹ wo ibi tí mo ro."

Bàbá Fákúnlé wolẹ̀. Òjò ti gbẹ́ iwájú fàráńdà rẹ̀ di kòtò, àtẹ̀gùn tó máa ń tẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sì ń fì lófuurufú. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún yẹn, kò tilẹ̀ lè jáde nílé ara rẹ̀ àyàfi bí ẹnì kan bá gbé e. Ó wo kòtò, ó sì wo ibi tí ìyá àtọmọ kúnlẹ̀ sí.

"Sàláúdéènì, gbé ọkọ́ ẹ sílẹ̀," ló wí níkẹyìn. Ó kọjú sí Lará. "Tí mo bá rí ejò níbẹ̀ pẹ́nrẹ́n..."

"A ó máa gé e, sà."

"Dìde. Wá gbin ti iwájú mi yìí padà."

Lará kò dìde. "Ẹ ò ní lé màámi, sà?"

"Mo ní kó o dìde!"

"Mo gbọ́, sà. Ẹ ò ní lé màámi?"

Roqeebah fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Fákúnlé tún wo àtẹ̀gùn rẹ̀.

"Mi ò lé ẹnikẹ́ni," ni ó wí.

Nígbà náà ni Lará tó dìde, ó sì fa ìyá rẹ̀ sókè.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìwọ ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, bọ̀wọ̀ fún àgbà, kúnlẹ̀ kí orúnkún rẹ kan ilẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tí o bá ti yẹ̀ wò tí o rí i pé òótọ́ ni, má torí ìbẹ̀rù fọwọ́ ara rẹ fà á tu. Ìbẹ̀rù lè gbà wá lọ́wọ́ ìbínú onílé, kò lè gbà wá lọ́wọ́ òjò.