Òmìrán Pupa ní Ìyànà-Ìbà

"Wọn ò tíì bí ọmọbìnrin tó máa há Sherif mọ́ ibì kan. Ẹ lọ kọ ọ́ sílẹ̀!"

Bẹ́ẹ̀ ni Sherif, tó ń tẹ̀wé ní Ìyànà-Ìbà, ṣe ń fọ́nnu fáwọn ará ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Ẹnu ẹ̀ ló ṣì wà tí Rodiyat fi wọlé, àwọn yẹn bá jáde lọ jẹun. Sherif wò ó báyìí, ó sáré nu àga fún un.

Ọmọ yunifásítì ni Rodiyat. Ó fẹ́ ṣàlàyé ìràwọ̀ kan fáwọn ọmọ iléèwé ní Ajangbádì, lédè Yorùbá pọ́ńbélé, ló bá gbé ìwé tó kọ wá fún Sherif kó bá òun tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe ní kóun jókòó, ilẹ̀kùn onírin já wálẹ̀ láti òkè, gbàgà! Sherif tì í títí ó fi làágùn. Kò mira.

"A ti há nìyẹn," ni Rodiyat wí.

Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́yìn pátákó tó to bébà sí. Sherif mọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ṣí i, ọmọ ń lọ nìyẹn!

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí. Wọ́n máa wá ṣílẹ̀kùn fún wa. Ẹ jẹ́ n kà á, ká rí àṣìṣe inú ẹ̀."

Ó gbóhùn sókè bí oníwàásù: "Òmìrán Pupa ti darúgbó! Ohun tó ń jó nínú ẹ̀ lọ́hùn-ún ti tán, ló bá wú fẹ̀. Ó pọ́n wẹ̀ẹ̀, àmọ́ ara ẹ̀ ò gbóná tó tìgbà èwe mọ́. Gáàsì lásán ni! Tó bá tún wú sí i, á gbé àwọn tó sún mọ́ ọn mì!"

Rodiyat rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Inú Sherif dùn débi pé kò kọ̀ kí wọ́n há síbẹ̀ dọ̀la.

"Ta ni gáàsì lásán?" Ohùn kan bú níta.

Rodiyat bo ẹnu. "Bàbá mi ni. Wọ́n ti wá mú mi nìyẹn."

Alàájì Yésúfù, onílé ní Ìbà, ga bí òpó iná, ó tún pupa fòò. Òmìrán Pupa ni gbogbo Òkòkòmàíkò ń pè é. Ó fọwọ́ méjèèjì gbé irin náà, ó rákò wọlé. Irin tún já lẹ́yìn ẹ̀. Gbàgà! Ìta sì ni ìdìmú ẹ̀ wà.

Wàyí o, Sherif há. Tó bá ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, Alàájì á mọ̀ pé ṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ sé ọmọ òun mọ́lé. Tí kò bá ṣí i, ọwọ́ Alàájì ti wà lọ́rùn ẹ̀wù ẹ̀.

"Ìràwọ̀ ni, sà! Kì í ṣe ẹ̀yin!"

"Ìràwọ̀ wo ló ń jẹ́ orúkọ mi?"

"Èyí tó lè fẹ̀ ju oòrùn lọ nígbà ọgọ́rùn-ún! Ara ẹ̀ tutù díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ títóbi ẹ̀ ló jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ju toòrùn lọ fíìfíì. Tó bá sì bọ́ gáàsì yẹn sílẹ̀ nígbẹ̀yìn, inú ẹ̀ tó kù, funfun ni, sà."

Ọwọ́ Alàájì rọ̀. "Ó ju oòrùn lọ?"

"Fíìfíì, sà."

"Ta wá ni ìràwọ̀ yìí fẹ́ gbé mì?"

Sherif dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Rodiyat ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e mì. Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀."

Alàájì wo ọmọ ẹ̀. Ọmọ wolẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọ̀mọ̀wé lèyí," ni Alàájì wí. "Tá a bá jáde níbí láàyè, kó àwọn òbí ẹ wá."

Wákàtí kan kọjá nínú ooru. Alàájì ti ń tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Sherif ò gbọdọ̀ dárúkọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Rodiyat kó ìwé ẹ̀ jọ, ó yán.

"Ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn pátákó yẹn. Àtìgbà tí mo ti jókòó ni mo ti rí i."